Bútà Bàámi

“Bomi sí bútà.”

Ọ̀rọ̀ tí bàámi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Èmi rò pé ó ti di Mùsùlùmí ni.

Ambrose Ògúnlẹ́yẹ ni bàámi, káfíńtà l'Ésìẹ́. Ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́ l'Ékòó ló bá àwọn Yunitéríánì pàdé, ìjọ tó gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, kì í ṣe mẹ́ta nínú ọ̀kan, pé ènìyàn bíi tiwa ni Jésù, àmọ́ tó dáa jù wá lọ. Nígbà tó padà wálé, ṣọ́ọ̀ṣì ní kó máa jókòó lẹ́yìn. Ó jókòó lẹ́yìn. Òun náà ló sáà kan àga ọ̀hún. Ó kan mínbárì, àga ìwàásù, fún lèmọ́mù, ó sì ń bá ẹbí jẹ iṣu ọdún Ògún. Ó ní ibi yòówù kí wọ́n ti máa pe Ọlọ́run, òun mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Ìṣirò ló lé mi kúrò nílé ìwé. Ẹ̀sìn tí kò ka Ọlọ́run kọjá ọ̀kan bá mi lára mu.

Ṣùgbọ́n ta ló ń wá bútà bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá? Bó ṣe dákẹ́, mo sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kí Pásítọ̀ Timothy ti ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún tó dé, àwọn áfáà ti fẹ́ wẹ òkú.

“Ọmọ yìí, ṣé bàbá rẹ ló ní kí wọ́n sin òun báyìí?” ni Pásítọ̀ bi mí.

“Ó ní kí n bomi sí bútà, sà.”

“Ìyẹn tó,” ni Áfáà Bùkárì wí. “Àbí ó fẹ́ fi sebẹ̀ ni?”

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Àǹtí Rùkáyátù, àbúrò bàámi, fi sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Òmù-Àrán. Wọ́n rò fún un. Ó kọjú sí mi.

“Èmi ló ń bomi dè. Mo pè é láàárọ̀ pé mò ń bọ̀. Kí n lè rómi ṣe àlùwàlá ni. Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ṣé o tiẹ̀ bù ú?”

“Rárá, mà.”

Áfáà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Áfáà, ẹ̀gbọ́n mi kì í kírun. Pásítọ̀, ẹ̀yin náà lẹ ní kó lọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ á sin ín bó ṣe wà.”

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la sin ín sí. Pásítọ̀ gbàdúrà, Áfáà gbàdúrà. Wọ́n ní ó kan èmi, Yunitéríánì tó kù l'Ésìẹ́. Mo ní, “Ọlọ́run, ọ̀kan ni ọ́. Bàbá kan ṣoṣo náà ni mo ní.”

Àǹtí ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́rú lòní. Mo ti bomi sí bútà. Ó ń jò nídìí. Mo tún bù ú.