Ẹyín Iná Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Ìkókó

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹyín iná pupa máa ń bá wa sùn nínú yàrá, kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ní Smyrna lẹ́bàá Atlanta, irú ẹyín iná kan náà dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkókó kan. Ká ní ó wọlé ni, bóyá ìròyìn ọ̀fọ̀ ni ǹ bá máa kọ báyìí.

Ọmọ ọmọ mi ni ìkókó náà. Ẹni tó gbé iná dání ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti wá wẹ ọmọ. Èmi jẹ́ akọ̀ròyìn tó ti fẹ̀yìn tì, ilé ọmọ mi ni mò ń gbé. Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sílé wa.

Ọyẹ́ ìgbà náà le. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rin inú èlùbọ́ kọjá, omi àmù á tutù débi pé á máa ro ni léyín. Bí obìnrin kan bá bímọ ní agboolé wa nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìyá wa ni wọ́n máa ń ké sí. Ìyá wa kì í kánjú. Wọ́n á da èédú sínú àpáàdì ńlá kan ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa fẹ́ ẹ títí èéfín á fi tán pátápátá tí èédú á sì pọ́n. Wọ́n á bu eérú díẹ̀ lé e lórí, wọ́n á gbé e wọ yàrá ọlọ́mọ, wọ́n á gbé e sí apá ibi ẹsẹ̀ ibùsùn. Ìyá ọmọ á làágùn, ọmọ á sùn. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá mú tayọ, àwa ọmọ ilé náà á rí tiwa gbà. Àpáàdì kékeré kan á wà láàárín yàrá, àwa á tò yí i ká lórí ẹní. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn èédú, oorun ló máa ń kùn mí.

Ẹ wá wo Atlanta. Àwọn ará ilé rò pé ìlú tó móoru ni, òótọ́ sì ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ṣùgbọ́n bí òtútù wa níbí bá dé, òjò ló máa ń bá a rìn, òjò náà á sì dì bíi gíláàsì lára ohunkóhun tó bá bà lé. Igi páìnì ò lè ru ẹrù yẹn. Ẹ̀ka á ya, á já lu wáyà, iná á lọ ní gbogbo àdúgbò. Gáàsì ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa móoru ń lò, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń yí fáànù rẹ̀. Iná lọ, ooru lọ nìyẹn.

Ọkọ ọmọ mi mọ èyí. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sínú gáráàjì, pẹ̀lú wáyà gígùn tí òjò kò lè bà jẹ́ àti hítà oníná kan. Ó tún kan ẹ̀rọ funfun pẹlẹbẹ kan mọ́ ògiri lẹ́bàá yàrá ọmọ, irú èyí tó máa ń ké bí gáàsì olóró tó ń ti ara iná jáde bá ti pọ̀ nínú ilé. Gáàsì yẹn, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́ àti oorun ló máa ń fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kéde pé òjò dídì ń bọ̀, kò sẹ́ni tó jókòó nínú wa. A pọn omi sínú gbogbo ìkòkò. A ká tówẹ̀lì sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba yàrá ìkókó, wọ́n fi téèpù dí etí fèrèsé rẹ̀ yípo, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Ó kù kí afẹ́fẹ́ wá gba ibí kọjá kí n rí i." Nígbà tí a lọ ra iṣu àti ògì ní Morrow, wọ́n ra àpò èédú kan. Mo rò pé ẹran ni wọ́n fẹ́ sun.

Ọkọ ọmọ mi ní shift ní wiàháọ̀sì, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ní Hampton. "Mọ́mì, I'll be back kó tó bẹ̀rẹ̀," ló wí. Kò dé kó tó bẹ̀rẹ̀. Òjò náà yá ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, ojú ọ̀nà di dígí, àwọn ọlọ́pàá sì ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Nígbà tí a jẹun àárọ̀ tán ni a gbọ́ igi tó ya lójú títì. Iná lọ.

Ọmọ ò lè mú òtútù mọ́ra. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ mi ti ń fọwọ́ kan imú ìkókó náà léraléra. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tó ń wá. "Ó ń tutù," ló wí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n da èédú sínú agbada irin tí ọkọ ọmọ mi fi ń sun ẹran, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ bí ìyá wa ti ń ṣe é gẹ́lẹ́. Nígbà tó pọ́n tán, wọ́n fi aṣọ méjì gbé e.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Big Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ mi wí láti orí ibùsùn. "Carbon monoxide wà nínú ẹ̀. Ó máa pa wá."

"Kábọ̀n wo? Èyí tí wọ́n fi tọ́ ìyá ẹ dàgbà? Ṣé ìyá ẹ kú ni?"

Ọmọ mi kọjú sí mi. "Mọ́mì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ now. Wọn ò ní gbọ́ tèmi."

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fara balẹ̀, pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e wọlé, ẹ̀rọ ara ògiri yẹn á ké.

"Kò lè ké. Ó ń dún ṣíín, ṣíín bí òròmọdìẹ tó sọnù, ó ń jí ọmọ. Mo ti yọ bátìrì ẹ̀ sínú tọ́ọ̀ṣì mi."

Yàrá tí wọ́n fi téèpù dí, ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì, ẹyín iná lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti dàgbà, èmi kọ́ ni màá wo ojú wọn kí n ní wọ́n ṣìnà lójú ọmọ mi. Mo dúró sáàárín ilẹ̀kùn, mo sì ṣe ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Mo béèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nílé wa, ta ló ń sùn lẹ́bàá fèrèsé?"

"Èmi ni. Kí ló kan fèrèsé báyìí? Iná ń ta mí lọ́wọ́."

"Ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ ná. Ṣé ẹ máa ń tì í?"

"Tì kẹ̀? Màmá wa á lù mí pa. Ọyẹ́ á máa lu ẹ̀yìn mi bí pàṣán. Mo tì í níjọ́ kan, ìgbátí ló jí mi. Wọ́n ní bí iná bá wà nínú yàrá, fèrèsé kì í padé."

"Òrùlé ńkọ́?"

"Òrùlé wo? Ṣé a ní àjà ni? Ògiri wa ò tiẹ̀ kan páànù. Alángbá ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde bó ṣe wù ú."

Mo rí i tí wọ́n gbójú sókè wo àjà funfun tó bo ilé náà, lẹ́yìn náà wọ́n wo fèrèsé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dí.

"Ta ló kọ́ Màmá ní ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn?" mo bi wọ́n.

"Ìyá tiwọn ni." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní àwọn kan tì í rí, ilẹ̀ mọ́, wọn ò jí."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé agbada náà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí yàrá. "Iná yìí ò ní wọlé," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kò ní ṣòfò."

Láti ìgbà náà lọ, àwọn ni ọ̀gá wa. Wọ́n gbé iná jìnnà sí ilé, wọ́n sì gbé ìkòkò omi kaná. Wọ́n ní kí ọmọ mi bọ́ ẹ̀wù ọmọ, kí ó gbé e lé àyà òun gan-an, kí á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn méjèèjì. "Àyà ìyá ni sítóòfù ọmọ tuntun. Ìyẹn ò ní gáàsì." A rọ omi gbígbóná sínú ìgò, a fi tówẹ̀lì wé e, a tò ó sí ẹsẹ̀ ìyá ọmọ. Bátìrì kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì, ó padà sára ògiri.

Ó ku jẹnẹrétọ̀, tí a ti ń retí kí ọkọ ọmọ mi wá gbé jáde. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi da eérú sí i, a sì rí ẹsẹ̀ gbé. Arúgbó méjì la fa ẹ̀rọ náà jáde láti gáráàjì, à ń fà, à ń sinmi, títí a fi dé ìdí ọgbà, ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Mo ní kí n fa okùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbáròkó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kúrò níbẹ̀, akọ̀wé. Ìwọ ń fa gègé nígbà tí mò ń fa jẹnẹrétọ̀."

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A fi wáyà gígùn fa iná wọ yàrá, hítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọkọ ọmọ mi pè láti Hampton, ẹ̀rù ń bà á. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé ṣé gáráàjì la ti tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù. "Ó wà níta nínú òtútù. Òtútù tó ń mú un ju tìẹ lọ. Ọmọ ẹ ń sùn. Imú ẹ̀ ti móoru."

Ní ọjọ́ kejì, òṣìṣẹ́ panápaná kan tó ń lọ láti ilé dé ilé kan ilẹ̀kùn wa. Ó wo ibi tí a gbé ẹ̀rọ sí, ó mi orí pé ó dára. Ó ní àwọn ti gbé ìdílé kan jáde ní òpópónà kejì, nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn ní gáráàjì. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n ọsibítù ni wọ́n wà. "Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì sílẹ̀ o," ló wí, "wọ́n rò pé ó tó. Kò tó."

Ẹ̀yin ọmọ wa, ayé ti yí. Ilé tí a bí wa sí ń mí fúnra rẹ̀, ìgbátí ìyá ẹni ló sì ń jẹ́ kó máa mí. Ilé tí ẹ ń gbé báyìí, wọ́n kọ́ ọ kó má baà mí ni, nítorí náà ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ máa ronú fún un. Àwa mú iná àwọn ìyá wa dání wá sókè òkun, a sì gbàgbé òfin tó ń bá iná náà rìn. Ẹ má tẹ̀lé wa níbi ìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí panápaná wá, àwọn aláṣẹ ní àwọn òṣìṣẹ́ wáyà á kọ́kọ́ tún ti àwọn ọsibítù ṣe kí wọ́n tó kàn wá, pé òjò dídì mìíràn ṣeé ṣe kó dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àti pé panápaná á tún padà wá wo ẹ̀rọ ara ògiri ilé kọ̀ọ̀kan. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí panápaná máa bọ̀, pé àwọn fúnra àwọn ni yóò ṣílẹ̀kùn.