Gbólóhùn Tí Solvita Fò Nínú Òfin

Nígbà tí Latvia ń múra àtiwọ Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó fi Brussels ṣe ibùjókòó, Solvita wà lára àwọn agbẹjọ́rò ní Riga, olú-ìlú, tí ń sọ òfin ẹgbẹ́ náà di òfin ilé. Iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ kọjá sísọ. Wọn kò tíì parí ti wàrà tí ti ẹran fi wọlé, ti ẹran kò tíì tán tí ti ẹja fi dé.

Inú òfin ẹja ló ti rí gbólóhùn kan: orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ lè yọ̀ǹda fún àwọn tó ń yan ẹja níwọ̀nba nílé, lọ́nà àbáláyé, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Mirdza, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà létí òkun, tó ń yan ẹja nínú abà onípákó lẹ́yìnkùlé. Ó gbé e lọ bá Egons, ọ̀gá rẹ̀.

"Solvita, ìyẹn á gba àlàyé tirẹ̀ lọ́tọ̀," ni Egons wí. "Ọjọ́ ti sún mọ́lé. Fò ó jàre. Tó bá yá, a ó padà sí i."

Ó mọ̀ pé wọn ò ní padà sí i. Síbẹ̀, ó fò ó.

Nígbà tí òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, wolé-wolé dé ọ̀dọ̀ Mirdza. Èéfín ti kun òrùlé, ògiri kì í ṣe èyí tó ṣeé fọ̀. Wọ́n ti abà náà pa. Solvita sáré wá wò ó.

"Àwọn wo ló tiẹ̀ ṣe irú òfin yìí?" ni Mirdza bi í.

"Àwọn ará Brussels ni, Màmá."

"Orí wọn ò pé! Ṣé wọ́n jẹ ẹja gidi rí ni?"

Solvita bá a bú wọn.

Ọdún ń gorí ọdún, Mirdza ò yéé bú ará Brussels. Lọ́jọ́ kan, Solvita lọ sí ìpàdé ní Finland. Ẹja yíyan ni wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò. Ẹni tó gbà wọ́n lálejò ní ìyá arúgbó kan ló yan án nílé.

"Òfin Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan fàyè gbà á, a sì lò ó," lọkùnrin náà wí. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Solvita ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ṣe délé, ọ̀dọ̀ Mirdza ló gbà lọ, ó jẹ́wọ́.

"Ó wá jẹ́ pé ìwọ ni mo ń bú látọjọ́ yìí?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A máa tún òfin náà kọ. Ẹ ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí?" Mirdza rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìgbà òtútù ọdún tó kọjá ni mo fi pákó abà yẹn dáná."

Ó gé búrẹ́dì dúdú, ó ṣí ẹja inú agolo lé e. Ìbá tẹ́ Solvita lọ́rùn bó bá pariwo mọ́ òun. Kò pariwo. Ó kàn bi í bóyá yóò sùn síbẹ̀, tàbí yóò padà sí Riga.