Edé Mi Dùn

Irọ́ tí mo pa ní ọ́fíìsì wa ní Durumi, ní Àbújá, lọ́dún náà kò ju gbólóhùn kan lọ: mo ní mo lè kọ Yorùbá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ní àjọ kan tó ń ṣètò ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé, mo sì wà lábẹ́ ìdánwò oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá wa obìnrin, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, ti dá akẹgbẹ́ mi kan dúró nítorí pé ó ní òun lọ síbi tí kò lọ. Ẹ̀rù obìnrin náà ń bà mí ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ, nítorí pé Ọlọ́run kì í pe ìpàdé láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ló ti sọ pé a máa ṣe ìwé ewì fún àwọn ọmọ Àbújá, ní oríṣiríṣi èdè, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè rí ojú ara rẹ̀ nínú ìwé. Ewì kan máa wà fún ọmọ tí wọ́n wó ilé òbí rẹ̀, òmíràn fún ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e, tí kíláàsì rẹ̀ sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n pín ti Hausa, wọ́n pín ti Gbagyi, wọ́n pín ti Ígbò. Nígbà tó kan Yorùbá, gbogbo wọn yíjú sí mi nítorí orúkọ mi.

"Ìwọ ni Yorùbá wa," ni ọ̀gá wí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sí wàhálà."

Wàhálà wà. Karu ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Yorùbá tí mo mọ̀ ni ti ìkíni, ti àdúrà orí oúnjẹ, àti ti èébú, torí màmá mi kì í fi gẹ̀ẹ́sì bú ènìyàn. Ó ní kì í wọra. Mo ń gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ahọ́n mi á wúwo bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà eléyín. Ó yẹ kí n tọ dádì mi lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, akọ̀wé ìjọ sì tún ni, ọkùnrin tó ń dá pásítọ̀ dúró láàárín ìwàásù kó lè tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Kò sí àṣìṣe tó ń kọjá níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lọ.

Mo jókòó, mo ro ewì náà ní gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń yí i padà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ewì nípa èdè abínibí ni: pé ó dùn, pé kí ọmọ má ṣe tijú rẹ̀. Èmi tí mo máa ń dibọ́n pé mo wà lórí fóònù kí àwọn àgbà ìjọ má baà bá mi sọ Yorùbá ni mo ń kọ ọ́! Àmì ohùn ló wá kù. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀, bí a ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Lójú mi, àmì tó ń lọ sísàlẹ̀ dà bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Èyí tó ń gòkè dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ewì mi, mo kó àwọn tí inú wọn bàjẹ́ dànù, mo fi aláyọ̀ kan ṣoṣo sórí lẹ́tà tó kẹ́yìn, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Karu la ti fi ìwé náà han gbogbo ayé. Mo pe àwọn òbí mi, wọ́n wá láti Lokogoma tí wọ́n kó lọ, wọ́n sì jókòó síwájú. Ẹni tí wọ́n yàn láti ka ewì mi ni ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹrin, tí ìyá àgbà rẹ̀ fi Bíbélì kọ́ ní Yorùbá kíkà. Kó tó gun orí pèpéle, ó sá tọ̀ mí wá.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé edé lẹ kọ síbí lóòótọ́?"

Etí mi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Mo ní, "Bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí o kà á. Má fi tìẹ kún un."

Ó wò mí, ó gbé èjìká sókè, ó lọ. Ohùn rẹ̀ já gaara:

"Edé mi dùn, edé mi dára,
Edé bàbá mi, edé ìyá mi!
Ibi gbogbo tí mo bá ń lọ, edé mi ń tẹ̀lé mi.
Ẹ má fi edé mi ṣe yẹ̀yẹ́.
Bí kò bá sí edé, ta ni èmi?"

Màmá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ki orí bọ inú báàgì rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tíṣà tó gbọ́ Yorùbá di ara wọn mú. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, mo ní kí ló dé.

"Edé!" ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Edé inú ọbẹ̀!"

Ìgbà náà ló tó yé mi. Àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá ti ń pariwo pé "Edé! Edé!" wọ́n sì ń lu tábìlì. Tíṣà Hausa kan ń sọ pé, "Kai! Kí lẹ ń fi ṣẹ̀rín?" Ọ̀gá wa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bú. Ó rí dádì mi tí kò rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bá a.

"Dádì, ṣé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀?"

Dádì mi yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wò mí. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa palẹ̀ tábìlì mi mọ́ ní Mọ́ńdè. Ó wá fi gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá a lóhùn pé ewì ìjìnlẹ̀ ni, pé ó dá lórí oúnjẹ, àti pé àwọn ènìyàn wa kì í fi oúnjẹ ṣeré.

"Mo mọ̀ pé ó máa jinlẹ̀," ni ọ̀gá wí.

Nínú mọ́tò, màmá mi ṣì ń rẹ́rìn-ín. Dádì mi kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Látọjọ́ tí mo ti di akọ̀wé ìjọ, n kò parọ́ níta gbangba rí. Edé ni mo wá tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, kí o wà nílé. Mú báírò dání."

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ ilé ìwé padà. Dádì mi kò ní sùúrù. Ó máa ń gba báírò lọ́wọ́ mi kí n tó kọ ọ̀rọ̀ parí, á ní ṣé mo fẹ́ pa òun ni. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ ọ̀gá wa kan, tó jẹ́ Yorùbá, ń se ọbẹ̀ nílé rẹ̀, tó ní kó bá òun mú edé wá. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá dúró síwájú tábìlì mi pẹ̀lú ìwé náà.

"Kí ni edé?"

Mo sọ ọ́.

"Ṣé dádì rẹ mọ̀?"

"Ó mọ̀, mà."

Ó pa ìwé náà dé. "Tèmi ì bá ti fa etí mi lójú gbogbo ènìyàn," ló wí. Ó fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò mi, ó sì lọ.

Ṣùgbọ́n wọn kò yọ ewì náà. Àwọn tíṣà ní àwọn ọmọ ti há a sórí, wọn kò sì ní gbà. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, mo kọ òmíràn nípa èdè, dádì mi sì fi gègé rẹ̀ gba inú gbogbo ìlà rẹ̀ kọjá.

Ní Sátidé kan, a ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ló ṣàdédé dúró. Ó ní nígbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, obìnrin tó jẹ́ olórí ilé ìwé náà pe òun àti màmá mi, ó ní mo ń da èdè pọ̀, pé gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa bá mi sọ. Àwọn náà kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Àbújá nígbà náà. Ẹ̀rù bà wọ́n pé àwọn ọmọ tó kù á fi mí sílẹ̀.

"A rò pé oore la ṣe ọ́," ló wí. "Ṣé ó dùn ọ́?"

Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sáré dé ẹnu mi. Mo gbé e mì, mo ń wá ti Yorùbá kiri. Ọkùnrin tí kì í dúró de pásítọ̀ dúró dè mí. Kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kò tún un ṣe, kò wo aago.

Ìwé ọmọdé ni mo fi ń jẹun báyìí, ó sì ti tó mẹ́ta tí mo kọ ní Yorùbá. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí níbo ni mo ti kọ́ èdè náà, mo sì máa ń sọ pé ní Lokogoma ni, ní Àbújá níbí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Ohun tí mo sọ fún dádì mi lọ́jọ́ náà kò gùn, àmì ohùn rẹ̀ kò sì pé lẹ́nu mi. Ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.