Kòtò Tí Mo Fi Ṣàmì Sàréè Bàbá Mi

Ó rú mi lójú, n kò sì ní í purọ́ pé kò rú mi lójú. Ìyá mi tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn lánàá, lórí àga rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan, mi ò sì mọ èyí tí ǹ bá ṣe.

Òdìkejì ọ̀sà la sin bàbá mi sí. Ó ra ilẹ̀ kékeré kan sórí òkè níbẹ̀ nígbà tí ọjà aṣọ rẹ̀ ń tà. Kò fẹ́ kọ́lé sí i. Ó ní òun fẹ́ ibi tí òun ti lè jókòó wo Èkó láìsí ẹni tí yóò máa pe òun. Ibẹ̀ ló wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àìsàn fi kọlù ú lójijì, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, a ti sin ín.

Ó ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi símẹ́ńtì sórí sàréè òun. Ìyá mi kò sì tẹ̀ lé wa débẹ̀, opó ni, inú ilé ló wà fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ó pè mí, ó ní kí n ṣàmì sí ibẹ̀ dáadáa, nítorí èmi ni n óò mú òun lọ.

Mo ṣàmì. Àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́ kòtò ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, wọ́n kó yanrìn tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Etí kòtò yẹn ni mo ti ka ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún dé orí bàbá mi. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà.

Lọ́dọọdún ni òjò ń jẹ etí kòtò náà. Mẹ́rìnlélógún di ogún, ogún di mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rù bà mí pé lọ́jọ́ kan kòtò yóò gbé bàbá mi lọ. Nígbà tí àwọn ìjọba pe àwa tó nílẹ̀ níbẹ̀ sí ìpàdé kan ní Oníkan, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Wọ́n fi àwòrán hàn wá: wọn yóò dí kòtò, wọn yóò gbin koríko àti igi, ẹnikẹ́ni kò sì ní í kọ́lé dí ojú omi mọ́. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá ìbò, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè dí i. Mo ní sàréè wà níbẹ̀ o. Wọ́n ní kí n fi búlọ́ọ̀kù yí i ká kí awakọ̀ katapílà lè rí i. Mo kọ̀, mo ní bàbá wa kò fẹ́ símẹ́ńtì. Igi kan ni mo rì mọ́lẹ̀, mo so aṣọ funfun mọ́ ọn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyá mi ní òun ti ṣe tán láti lọ, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún àti ẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi tí kò jẹ́ kó lọ láti ọdún wọ̀nyí. A débẹ̀. Koríko tútù bo gbogbo òkè. Kò sí kòtò. Kò sí igi tí mo rì. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, mo dúró. Níbo ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa rẹ́ gan-an ni mo fi ṣàmì.

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pe awakọ̀ katapílà lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní ká kó yẹ̀pẹ̀ bo gbogbo ẹ̀, ká level ẹ̀ ni. A ò gbẹ́ òkè yẹn rárá. Àmọ́ mi ò rí igi kankan, wàláì." Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé wọn kò hú sàréè. Mo pòṣé sí i ni.

Ìyá mi ti dé ẹ̀yìn mi. "Ibo ni?"

Mo wo omi. Èkó hàn ketekete lódìkejì, bí bàbá mi ṣe fẹ́ràn láti máa wò ó. Ó dára lójú mi, inú sì ń bí mi pé ó dára. Mo na ọwọ́ sí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tuntun kan.

Ó bọ́ bàtà. Ó sálámà sí i, ó ṣe àdúà títí, ó wá jókòó, ó ń fọwọ́ pa koríko, ó ń sọ fún un pé a ti pààrọ̀ páánù ilé. Ojú tì mí débi pé mo lọ dúró sọ́nà jíjìn.

Láti ìgbà náà ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ orúnkún mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí n ti na ọwọ́ síbi tó tọ́. Ta ló mọ̀? Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ sọ òótọ́ fún un, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo sì máa ń sọ.

Lánàá ó ní, "Tí mo bá kú, ẹ má sin mí sí Èkó. Ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Ìwọ lo mọ ibẹ̀."

Mo ní ẹ̀mí rẹ̀ á gùn. Ó ní òun kò bi mí ní ti ẹ̀mí gígùn, kí n dá òun lóhùn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ ibẹ̀.