Ọtí Kíkan Lórí Tábìlì Olúwa

Ọ̀mọ̀wé tó bá lo ọdún kan nílẹ̀ Faransé, bó bá padà délé, ahọ́n rẹ̀ kì í bá a padà. Púrọ̀fẹ́sọ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọ̀gbìn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ìjọ wa ní ìgboro ló sì ń bọ̀ láti ọjọ́ tó ti dé Ifẹ̀. Kó tó lọ, ẹ̀bà àti ẹmu kò ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tó dé, ó ní omi ẹ̀rọ wa ń rùn bí irin, ó ní búrẹ́dì wa ti dùn jù, ó ní àwa ará Nàìjíríà kì í fara balẹ̀ tọ́ nǹkan wò. Lásìkò tí à ń tò láti àárọ̀ dọ̀sán kí a tó rí ṣúgà rà! Ká tọ́ kí ni wò? Ká kọ́kọ́ rí i ná.

Àwọn ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà, wọ́n sì ti fòfin de ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan òkèèrè. Ọtí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá a lọ. Mo rò pé ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọtí ìgbàlà àti ọtí ìmutípara, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé méjèèjì pọ̀. Ọtí pupa dídùn tí ìjọ ń lò látayé àwọn òyìnbó di àwátì. A wá ń fi omi ìṣápá pupa rọ́pò rẹ̀, Màámi ló sì ń sè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni àlùfáà ti fi ìtọ́jú tábìlì Olúwa lé e lọ́wọ́, kó máa fọ aṣọ funfun, kó máa lọ̀ ọ́, kó nu ife fàdákà, kó ṣètò búrẹ́dì àti ọtí, kó sì máa pa kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ṣe fún un. Obìnrin tó kọjú sí ògiri nínú yàrá rẹ̀ ní Ilare, tí kò fẹ́ jẹun, tí kò fẹ́ rí èèyàn, iṣẹ́ yìí ló gbé e dìde tó fi wẹ̀, tó fi jáde síta. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ògiri yẹn náà ni yóò tún padà sí.

Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn olórí àwọn obìnrin ìjọ, sì ti ń wo kọ́kọ́rọ́ náà tipẹ́. Ó ní ìṣápá ń ba aṣọ tábìlì jẹ́. Ó ní Màámi ti ń dàgbà. Òun gan-an ló ju Màámi lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ipò kì í ka ọdún ti ara rẹ̀.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Púrọ̀fẹ́sọ̀ fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ó ní òun ti fi aṣọ wé ìgò ọtí pupa mélòó kan wálé láti oko ọ̀rẹ́ òun kan, pé bí àwọn ará Bọ̀dó, ìlú ọlọ́tí nílẹ̀ Faransé, ṣe ń pọn tiwọn gẹ́lẹ́ ni ọ̀rẹ́ náà ń pọn ún, àti pé oko náà kì í rí kẹ́míkà sójú. Àlùfáà kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Ọlọ́run ti pèsè. Kò sí ẹni tó tọ́ ọ wò kó tó pàtẹ́wọ́. Bóyá òótọ́ ni Púrọ̀fẹ́sọ̀ sọ nípa wa.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ ló gbé ìgò kan wá sílé wa, láti wá kọ́ Màámi àti èmi bí wọ́n ṣe ń mu ohun tí gbogbo ayé ti ń mu láti ìgbà Nóà. Ó mú ife onígò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn mẹ́ta jáde láti inú ìwé ìròyìn tó fi wé wọn. Ó da díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tí à ń rọ fún ọmọ tó ní ikọ́. Màámi wo ife, ó wò mí. Púrọ̀fẹ́sọ̀ ní ká má ì tíì mu ún, kí atẹ́gùn kọ́kọ́ fẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí yí ife tirẹ̀ po, yí i po, ó sì ti imú bọ inú rẹ̀. Màámi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nílé tiwa, ẹni tó bá gbóòórùn oúnjẹ kó tó jẹ ẹ́, ó ń bú ẹni tó sè é ni. Èmi jẹ ìgbátí nítorí rẹ̀ rí lọ́mọdé.

"Èso dúdú," ni Púrọ̀fẹ́sọ̀ wí, ojú rẹ̀ dì bí ojú ẹni tó ń gbàdúrà. "Ewé tábà. Ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Igi kédárì."

"Kédárì ti Lẹ́bánónì?" Màámi yí padà kíá.

"Ó jọ ọ́, mà."

Láti ìgbà yẹn ni Màámi ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀wọ̀ wo ìgò náà.

Ó wá kàn mí. Kédárì kò yọjú sí mi ní tèmi. Òórùn àpótí aṣọ tí a kò ṣí fún ìgbà pípẹ́ ni mo gbọ́, pẹ̀lú èédú, àti ìṣó tó ti dípẹtà. Mo tọ́ ọ wò. Ó kọ́kọ́ kan bí àgbálùmọ̀ tí wọ́n ká láìpọ́n. Kí n tó sá fún ìyẹn, ó gbẹ mí lẹ́nu, ó fa ahọ́n mi àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀ bíi kajú tí kò tíì rọ̀. Ìkorò wá jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun mi, bí obì tí èèyàn jẹ tí kò rí omi mu lé e. Kí n má purọ́ mọ́ ọn: nígbà tí mo gbé e mì tán, ooru kan rọra tàn kálẹ̀ ní àyà mi, òórùn ilẹ̀ tútù kan sì kù lẹ́nu mi tó pẹ́ kó tó lọ. Ìyẹn kò burú. Púrọ̀fẹ́sọ̀ ní kí n fún un ní máàkì. Tíṣà sẹ́kọ́ńdírì ni mí, ìyẹn kò ni mí lára. Mo fún un ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì fi kún un pé ó lè ṣe dáadáa ju báyìí lọ bó bá gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Màámi gbàdúrà kó tó tọ́ tirẹ̀ wò. Ó gbé e mì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Púrọ̀fẹ́sọ̀, ẹ má bínú o. Ó ti kan."

"Kò kan, mà. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn. Tí a bá fi sílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá, á túbọ̀ rọ̀."

"Ẹ ò wá jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá náà?"

Púrọ̀fẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé pa lẹ́rìn-ín, ó kó ife rẹ̀, ó lọ. Mo ní kí Màámi jẹ́ kí a fi ṣúgà díẹ̀ tí a ní sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní omi díẹ̀ nìkan ni àlùfáà sọ pé èèyàn lè bù sí i, òun kò sì ní fi ọwọ́ òun tún ẹ̀jẹ̀ Olúwa ṣe. Ọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú àwọn tó ń kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ẹni àkọ́kọ́ gbé tirẹ̀ mì, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n rọ àgbo fún. Ẹni kejì rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ló fà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Obìnrin kan tó ń tajà ní Ẹnuwá ké "Jésù!", mo sì gbà pé lọ́tẹ̀ yìí ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Bàbá Ìjọ, àgbà tó dàgbà jù nínú wa, mu tirẹ̀, ó dúró kó dùn, kò dùn, ó mi orí, ó dìde. Púrọ̀fẹ́sọ̀ nìkan ló mu tirẹ̀ tó pajú dé, tó ń fi ahọ́n wá kédárì kiri.

Kí ìsìn tó parí, ẹjọ́ ti délẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Olúwa ti kan. Àwọn kan ní ẹ̀bá àdògán ni Màámi gbé e sí. Àwọn tó mọ̀ jù ní ó ti mu èyí tó dára tán, ó sì wá fi ọtí kíkan rọ́pò rẹ̀. Màámi, tí kì í mu ju omi lọ! Orí yeye ní Mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè kọ orin ìkẹyìn.

Wọ́n pè é sí yàrá àlùfáà tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Àlùfáà wà níbẹ̀, Bàbá Ìjọ wà níbẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ ti jókòó ṣáájú gbogbo wọn. Èmi ni mo gbé báàgì Màámi, kò sì sẹ́ni tó lé mi jáde. Ife náà wà lórí tábìlì, aṣọ funfun bò ó. Àlùfáà ló yẹ kó mu èyí tó ṣẹ́kù, òfin ni, ṣùgbọ́n ó ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti dé e.

"A ò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí. "Àgbà ló dé. Kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Oyin tó fi sẹ́nu sọ ọ́, ì bá dára kó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife yẹn. Aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ni Màámi ń wò.

Bí Púrọ̀fẹ́sọ̀ ṣe wọlé láti wá gbèjà rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ dákun, ọtí yìí kò bàjẹ́," ó ní. "Ọtí tó mọ́ jù láyé nìyí. Wọn kì í lo kẹ́míkà. Ìwo màlúù ni wọ́n ń lò."



"Ìwo màlúù," ni Bàbá Ìjọ wí. "Báwo?"

"Wọ́n á ki ìgbẹ́ màlúù sínú rẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń bẹ̀rẹ̀. Tí òtútù bá lọ, wọ́n á hú u jáde."

"Wọ́n ń wo òṣùpá?"

"Ẹ ṣeun, sà! Wọ́n ń wo òṣùpá." Inú Púrọ̀fẹ́sọ̀ dùn pé òun rí akẹ́kọ̀ọ́ gidi. "Wọ́n á wá po ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ omi, wọ́n á rò ó sápá ọ̀tún, wọ́n á tún rò ó sápá òsì, wọ́n á sì wọ́n ọn sí oko nírọ̀lẹ́."

"Tí wọ́n bá ń rò ó, ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i?"

Púrọ̀fẹ́sọ̀ ronú, nítorí olóòótọ́ èèyàn ni. "Ọ̀rẹ́ mi yẹn máa ń kọrin sí i díẹ̀."

Bàbá Ìjọ wá àga, ó jókòó. Ìyá Ẹgbẹ́ di ikùn mú, ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan ń rìn nínú òun láti ìgbà tí òun ti kúrò níbi pẹpẹ. Àlùfáà ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó rántí ohun tó wà nínú ife, ó sì panu mọ́. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi ibi tí Bàbá Ìjọ ti kọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ìwo gbélé rí kò lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Gbogbo wa la mọ agbo ilé rẹ̀ ní Ìlódè, a sì mọ ohun tó wà lókè àjà níbẹ̀ látayé bàbá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò láyà láti kó dànù.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Púrọ̀fẹ́sọ̀, wọ́n ní kó dúró síta. Ẹ̀sùn ti yí padà. Kì í ṣe ọtí tó kan ni Màámi fún ìjọ mọ́, oògùn inú ìwo ló fún wọn mu. Wọ́n ní kó fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Ẹgbẹ́ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Màámi tú etí ìró rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó wá ṣí aṣọ kúrò lórí ife. Ohun tó kù níbẹ̀ ju ààbọ̀ lọ.

"Ohun tí a ti yà sí mímọ́ kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, àlùfáà. Ta ni yóò mu ún?"

Àlùfáà ní dókítà ti kìlọ̀ fún òun nítorí ọgbẹ́ inú. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọgbẹ́ náà, ọkùnrin tó ń fi ata jẹ ata. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ká kúkú lọ dà á sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Sílẹ̀?" Bàbá Ìjọ fò dìde. "Ohun tí ìwo wà nínú rẹ̀, kí ẹ dà á sílẹ̀, ní Ifẹ̀ yìí? Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ bọ?"

Wọn ò lè mu ún, wọn ò sì lè dà á nù. Màámi ti ife náà síwájú Ìyá Ẹgbẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tó bá gba ọ̀kan á gba èkejì," ó wí. "Iṣẹ́ náà nìyẹn."

Ìyá Ẹgbẹ́ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ni Màámi bá gbé ife. Ó mu ún tán, kò sinmi. Ó bu omi sí i, ó ṣan án, ó mu omi náà pẹ̀lú, ó nu ife, ó ká aṣọ. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó so ó padà mọ́ etí ìró. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó tún béèrè rẹ̀ títí tó fi darúgbó tó fúnra rẹ̀ gbé e sílẹ̀. Àlùfáà ní ká ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Inú mi dùn kọjá ààlà. Bí a ṣe ń gba Ẹnuwá lọ sílé, mò ń fi ohùn Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, mò ń di ikùn mú bíi tirẹ̀, mo ti ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ Ajé. N kò tètè rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín. Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Bí n kò bá jí lọ́la," ó wí, "aṣọ òkè funfun tó wà nísàlẹ̀ ẹrù mi ni kí ẹ fi sin mí. Má sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ jà."

"Màámi, ìgbẹ́ màlúù lásán ni o. Ajílẹ̀ ni."

"Ìwo ni. Bàbá tó bí mi ní irú rẹ̀, mo sì rí ohun tó ń ṣe." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, ọmọ mi. Ó ṣì ń bà mí báyìí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi mu ún?"

Ó dúró láàárín ọ̀nà, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

"Ṣé kí n wá da Olúwa sílẹ̀ ni?"