Ojú Àbáyọ Tí À Ń Fi Sílẹ̀ fún Ẹran

Èéfín ló jí mi láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Kì í ṣe èéfín ààtàn, kì í sì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀ tí imú wa ti mọ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Èéfín igbó ni, ó sì ti gbé mi padà sí oko bàbá mi kí n tó la ojú tán.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ pé oko ni gbogbo ibi tí ẹ kọ́lé sí yìí. Ẹ̀gẹ́ àti ilá ló wà níbi tí ẹ ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí igbó tí bàbá mi ṣán bá gbẹ, kì í kàn ṣáná sí i bẹ́ẹ̀. A ó kọ́kọ́ yí oko ká, àwa ọmọ pẹ̀lú agolo mílíìkì àti igi, a ó máa lù ú kíkankíkan, bàbá yóò sì máa pariwo níwájú wa: "Ẹ kó ọmọ yín o! Iná ń bọ̀ o!" Ìhà mẹ́ta ló ń tiná bọ̀. Ìhà kẹrin, tó kọjú sí odò, ojú àbáyọ ẹran nìyẹn. Ọdẹ tó bá gbé kùmọ̀ dúró níbẹ̀ ti tẹ́ lójú gbogbo abúlé. Ọ̀yà tó yè lónìí, ẹ lè pa á lọ́la, ṣùgbọ́n a kì í pa èyí tó ń sá fún iná.

Kàmọ́rù, àbúrò mi, ló fẹ́ràn agolo lílù jù. Ó gbà pé àwọn ẹran gbọ́ Yorùbá, ó sì máa ń fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yára díẹ̀ sí i." Lọ́dún kan, ó rí ìjàpá kan tó ń rápálá bọ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù. Ó bú sẹ́kún, ó gbé e mọ́ àyà, ikun imú ń ṣàn, ó sì sáré gbé e dé etí odò. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bàbá Ìjàpá la ń pè é.

Ohun tó jẹ́ kí inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo jáde ní Sátidé, igbó kékeré tó kù lẹ́yìn ilé mi, ogún bàbá wa, ló ń jó. Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ ló dúró tì í pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tiná bọ̀, àwọn ọkùnrin tó kó wá sì ti mú igi dání, wọ́n ń dúró de ẹran.

"Kàmọ́rù! Ojú àbáyọ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ṣá! Ẹran wo ló kù ní Ayọ̀bọ̀? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i jàre. Ṣọ́ọ̀bù la fẹ́ kọ́ síbẹ̀."

Bí ẹran ò bá sí, kí ni igi ń ṣe lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀? Mo bú u débi pé àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Odò ti di gọ́tà, wọ́n sì ti mọ odi dí ìhà ibẹ̀. Géètì ẹ̀yìn ilé mi nìkan ló kù. Mo ṣí i gbayawu, mo ń da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì lé iná tó wà níwájú rẹ̀, mo sì lé àwọn onígi kúrò lọ́nà. Láìpẹ́, ọ̀yà kan já jáde, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó, ọmọ méjì ń sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n kó sí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.

Kàmọ́rù wò wọ́n. "Ṣé ẹ̀yin lẹ wá máa bá ọ̀yà gbélé báyìí?"

"Nínú àwa àti wọn," mo ní, "ta ló wá bá ta níbí?"

Mo mọ̀ pé wọn yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, mi ò sì lágbára láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀. Àlejò tó ra ilẹ̀ lè sọ pé òun ò mọ̀. Kàmọ́rù mọ̀. Àwọn ọ̀yà náà ṣì wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá gbé igi wọlé wá bá wọn, èmi pẹ̀lú olúwarẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá mi.