Epo Lára Òpó Ilẹ̀kùn

Òórùn epo pupa ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò ní agboolé wa ní Pobè. Tí epo bá ń hó, tí ìfófó rẹ̀ ru sókè, ìyá mi á fi ìpọn bu díẹ̀, á jẹ́ kó tutù, á wá fi í pa òpó ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Kò sí obìnrin mìíràn ládùúgbò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òpó rẹ̀ á sanra jù ú lọ. "Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn" ni gbogbo àlàyé tó ní.

Ìyá rẹ̀ yìí gan-an ni àdììtú ilé wa. Ọmọge ni nígbà tó dé Pobè. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó dàgbà, ó kú, kò sì sọ ilé bàbá rẹ̀ fún ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ìwọ náà mọ bí tiwa ṣe rí: ọmọ tó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, a ó kì í nílé bàbá, a ó kì í nílé ìyá. Wọ́n á ki ìyá mi dáadáa lọ́nà ti bàbá. Tó bá ku ti ìyá, ẹnu á dákẹ́. Ó máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n lọ́dún tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó sọ fún mi pé, "Mi ò fẹ́ dé ọ̀run kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ìyá mi léèrè ilé rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dénú eegun.

Ohun kan ṣoṣo tí a mọ̀ ni pé Sakété ni ìyá àgbà ti ṣe ìrìbọmi. Mo lọ bá àwọn míṣọ́nnì níbẹ̀, akọ̀wé wọn sì kó àwọn ìwé ìrìbọmi àtijọ́ jáde, tí eruku wọn mú wa sín títí. Mo ń fi ìka tọ orúkọ lọ, ara mi wà lọ́nà bíi ti ẹni tó rí ipasẹ̀ ẹran. Nígbà tí ebi ti ń pa wá, a rí i: orúkọ rẹ̀, àti pé ọmọ àgbẹ̀ kan ní Yoko ni. Ikán ti jẹ ibi tí orúkọ bàbá wà.

Lọ́jọ́ kejì mo gun alùpùpù zẹ̀mìjàn lọ sí Yoko. Agboolé tí mo bá yà, wọ́n á fún mi lómi, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ojú wọn á wá yí padà. Bàbá kan là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Ẹni tó bá ń wá bàbá ńlá lóde òní, ilẹ̀ ló ń wá." Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ilẹ̀ ti wọ́n. Mo ti ń ro irọ́ tí n óò pa fún ìyá mi.

Ní agboolé tó kẹ́yìn, ìdáhùn kan náà ni mo gbà. Kí n tó máa lọ, mo tọrọ ààyè láti tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni mo ti rí òpó ilẹ̀kùn kan tó dúdú, tó ń dán, epo lórí epo, títí dé ibi tí ọwọ́ obìnrin lè ga mọ. Mo gbàgbé ìtọ̀.

Ìyá arúgbó kan ń ṣa ẹyìn nítòsí. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń fi epo pa òpó.

"Àwa náà bá a bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ìyá mi ń ṣe é ní Pobè. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ."

Ó béèrè orúkọ ìyá àgbà. Mo sọ ọ́, ẹyìn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àbúrò bàbá òun obìnrin ni. Wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò wù ú. Ó gbé epo lọ tà ní Sakété, kò sì padà mọ́. Wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán, láìmọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnì ló sá sí.

Mo fi fóònù pọtábù mi pe ìyá mi ní Pobè, mo sì gbé e fún ìyá arúgbó náà. Kò béèrè àlàáfíà, oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ afepo-kí-òpó kó tó kí àlejò..." Ó ń kì í lọ, kò dúró. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹkún ìyá mi nínú fóònù náà, èmi náà sì sun tèmi.

Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Epo ọjà ni mo ń rà, síbẹ̀ mo ń fi díẹ̀ pa òpó, ọkọ mi sì ń ráhùn pé mo ń ba ọ̀dà ilẹ̀kùn jẹ́. Mi ò mọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Àwọn ará Yoko pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ sí Pobè, tí mo kúnlẹ̀ láàárọ̀, ìyá mi tí kò ríran mọ́ á gbọ́wọ́ lé mi lórí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, tó bá sì dé ibi tí ẹnu ti máa ń dákẹ́, kò ní dúró. Ó ń kì mí dé Yoko.